Ọkọ̀ 'roadster' tòkunbọ̀ ní Accra: Kí ló yẹ kí ẹ yẹ̀wò kí ẹ tó sanwó?

Ọ̀nà tó gun òkè láti Ayi Mensah lọ sí Peduase àti Aburi, ní ìhà àríwá ìlú Accra, wà lára àwọn ọ̀nà tí àwọn tó fẹ́ràn láti máa wakọ̀ fún ìgbádùn mọ̀ dáadáa ní Ghana. Ó ní kọ́nà lóríṣiríṣi, ó ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti àárín ìlú lọ.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní 'roadster' fún. Ọkọ̀ kékeré ni, ìjókòó méjì péré ló ní, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí awakọ̀ lára.

Owó tuntun rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tòkunbọ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ sábà máa ń wá, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní 'home used'.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èèyàn lè rí ọ̀kan tó ń dán létí títì, kí wọ́n dá owó lé e tí kò ju ti ọkọ̀ ẹbí lásán lọ, kó sì rò pé òun ti rí ọjà ọ̀pọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọkọ̀ náà á máa sùn.

Owó tí ẹ fi ra irú ọkọ̀ yìí kọ́ ni iye tó máa ná yín. Ìtàn ọkọ̀ náà, ìwé rẹ̀, àti ẹni tó máa bá yín tún un ṣe ní Accra ló máa sọ iye tó jẹ́.

Irú 'roadster' wo ló wà níta?

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ni Mazda MX-5, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Oṣù Kejì ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ ṣàfihàn rẹ̀ níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Chicago.

Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin ọdún 2016, ilé iṣẹ́ náà ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ Guinness mọ̀ ọ́n sí ọkọ̀ asáré alájókòó méjì tó tà jù lágbàáyé.

Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn lára rẹ̀ kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnì. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ó máa ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu ní kọ́nà.

Àṣeyọrí Mazda ló ta àwọn ilé iṣẹ́ yòókù jí. BMW gbé Z3 jáde lọ́dún 1995. Mercedes-Benz gbé SLK jáde lọ́dún 1996, ọdún náà ni Porsche gbé Boxster jáde. Honda S2000 tẹ̀lé e lọ́dún 1999, BMW sì fi Z4 rọ́pò Z3 lọ́dún 2002.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọn ọdún yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn rọjú lónìí ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé.

Apá ibo ni sítíárìn rẹ̀ wà?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tó ń fi àwòrán ọkọ̀ ránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ni Ghana fi apá òsì ojú pópó sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Nàìjíríà ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Togo àti Benin náà, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà.

Nítorí náà, òfin ìrìnnà Ghana kò gba ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún láàyè, àyàfi pẹ̀lú àṣẹ pàtàkì.

Ilẹ̀ Britain àti Japan ni MX-5 àlòkù ti pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ apá ọ̀tún ni sítíárìn àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú, tó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Tema, lè rí i pé òun ti ra ohun tí òun kò lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń ṣí sítíárìn náà lọ sí apá òsì. Nínú ọkọ̀ tó kéré báyìí, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹsẹ̀ búrékì, dáṣíbọọ̀dù, wáyà àti àpò afẹ́fẹ́ airbag ni wọ́n máa tú palẹ̀.

Ẹ lè dá irú rẹ̀ mọ̀. Ẹ wo ibi tí wáìpà ń sùn sí àti apá ibi tó ń nu jù lára gíláàsì iwájú. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀, bóyá wọ́n ti jó o pọ̀ tàbí dí ihò kan níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Canada, Jámánì àti Belgium ni ẹ ti lè rí èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú sítíárìn apá òsì láti ilé iṣẹ́.

Nọ́mbà ara ọkọ̀ kọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀

Èyí máa ń ṣi àwọn tó bá ti Nàìjíríà tàbí Benin dé Accra lọ́nà. Lára nọ́mbà ọkọ̀ tí wọ́n ti ń lò ní Ghana fún ọ̀pọ̀ ọdún, òǹkà méjì kan máa ń wà níparí.

Tí ẹ bá rí '20', ó túmọ̀ sí pé ọdún 2020 ni àjọ DVLA forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ọdún yẹn ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ ọdún 2001 lè gbé '20' lẹ́yìn.

Ohun tó máa sọ òtítọ́ fún yín ni nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn VIN, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 'chassis number'. Lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ máa rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí lára férémù ilẹ̀kùn.

Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ka ìkẹwàá. '1' dúró fún ọdún 2001, '8' fún 2008, 'A' fún 2010, 'F' fún 2015. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù lè má tẹ̀lé ìlànà yìí, nítorí náà ìwé rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ń sọ orílẹ̀èdè tí wọ́n ti ṣe é. 'J' ni Japan, 'W' ni Jámánì. Kí ẹ̀rù má bà yín tí ẹ bá rí '4' lára BMW Z3, nítorí ìlú Spartanburg ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é.

Nọ́mbà tó wà lára gíláàsì, ti ara férémù àti èyí tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Tí òǹkà kan péré bá yàtọ̀, ẹ má sanwó.

Kí ló dé tí ọjọ́ orí fi kan àpò yín?

Àwọn aṣọ́bodè Ghana máa ń gba owó ìtanràn lórí ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó wọlé. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń dàgbà sí i ni owó náà ń lọ sókè. Bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ṣe tóbi tó náà tún kan owó ibodè.

Lọ́dún 2020, ilé aṣòfin Ghana ṣe òfin kan, Act 1014, tó fẹ́ fòpin sí kíkó ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá àti ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ nínú ìjàm̀bá wọlé. Àmọ́ ìjọba dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró.

Òfin irú èyí lè jí padà. Tí ẹ bá fẹ́ fúnra yín gbé ọkọ̀ wọlé, ẹ béèrè ohun tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka Customs ti àjọ Ghana Revenue Authority kí ẹ tó san owó ọkọ̀ ojú omi.

Tó bá jẹ́ pé ó ti wà ní Accra, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó ibodè hàn yín. Ọkọ̀ tí wọn kò sanwó ibodè rẹ̀, aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà kò mọ nǹkan kan.

Ibo ló ti wá, kí ló sì ti ṣẹlẹ̀ sí i?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé ọjà gbàǹjo ni wọ́n ti rà á. Lára wọn ni èyí tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ti pa tì, nítorí pé ó ti ní ìjàm̀bá tàbí pé omi ti bò ó. 'Salvage' ni wọ́n máa ń kọ sára ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tó bá fi dé etí títì ní Accra, wọ́n ti tò ó, wọ́n ti kùn ún, kò sì sí ẹni tó máa sọ.

Ẹ lè fi nọ́mbà VIN ra ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ bíi Carfax tàbí AutoCheck. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí owó ọkọ̀. Ẹ máa rí iye máìlì tó ti rìn lọ́dọọdún, bóyá ó ti ní ìjàm̀bá tí wọ́n kọ sílẹ̀, àti bóyá wọ́n ti pè é ní 'salvage'.

Ní ti omi, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo irin tí ìjókòó ń rìn lórí rẹ̀, bóyá ó ti dógùn-ún. Ẹ gbóòórùn inú ọkọ̀ náà nígbà tí fèrèsé àti òrùlé bá wà ní pípadé. Tí òórùn lọ́fíńdà bá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀.

Accra náà mọ omíyalé. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2015, àgbàrá òjò àti iná tó ṣẹ́ yọ ní ilé epo kan nítòsí Kwame Nkrumah Circle pa èèyàn tó lé ní 150.

Ọkọ̀ 'roadster' sún mọ́ ilẹ̀ gan-an. Omi tí ọkọ̀ jíìpù máa là kọjá lè wọ inú ẹ́ńjìnì tirẹ̀. Ẹ béèrè àdúgbò tí ọkọ̀ náà ń sùn sí lásìkò òjò.

Airbag: ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí

Ọkọ̀ yìí kéré, òrùlé rẹ̀ sì lè jẹ́ aṣọ. Tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, bẹ́líìtì ìjókòó àti airbag ni ẹ ní. Ọ̀nà méjì ni airbag fi lè já yín kulẹ̀.

Èkínní, ó lè má sí níbẹ̀ mọ́. Tí ọkọ̀ bá ti ní ìjàm̀bá tí airbag rẹ̀ sì ti bẹ́, àwọn kan kì í ra òmíràn, wọ́n á kàn pa ojú ibẹ̀ dé.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnì. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tí kò bá kú, ó ní àìsàn. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Takata, ilé iṣẹ́ Japan tó ṣe airbag fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Tó bá wá bẹ́, ó lè fọ́n irin sí awakọ̀ lójú àti lọ́rùn.

Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 airbag yìí ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀. Ẹ rántí pé ìlú tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin bíi Accra ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Ẹ fi nọ́mbà VIN wá ọkọ̀ náà lórí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí ti àjọ NHTSA ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa sọ fún yín bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe sí i.

Òrùlé àti ẹ̀yà tó máa ń yọnu

Oòrùn Accra kì í jẹ́ kí òrùlé aṣọ pẹ́, ọyẹ́ àti eruku náà ń bá a jà. Ẹ ṣí i, kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo ibi tó ń ká, torí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ ya. Tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ ti ọ̀rá, ẹ wò ó bóyá ó ti di bàìbàì.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí i. Àwọn ihò kékeré kan wà tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ òrùlé náà. Tí ewé àti eruku bá dí wọn, inú ọkọ̀ ni omi máa gbà, irin abẹ́ ilẹ̀kùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú. Bó ṣe ń ṣe MX-5 nìyẹn.

Àwọn àìsàn míì tí wọ́n mọ̀ mọ́ wọn rèé:

Mazda MX-5: Orí rédíétọ̀ rẹ̀ jẹ́ ike, ó sì máa ń sán tó bá gbó. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń jo omi. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2005 ń lo 'timing belt', tó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ní nǹkan bíi 100,000 kìlómítà.

BMW Z3: Ẹ tú búútù rẹ̀, kí ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Irin tó di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú máa ń ya níbẹ̀.

BMW Z4 àkọ́kọ́: Mọ́tò tó ń ṣí òrùlé rẹ̀ wà níbi tí omi lè mù ún tí ihò òjò bá dí.

Mercedes SLK: Òrùlé irin ló ní, ọ́ìlì ló sì ń gbé e. Tí ọ́ìlì bá ń jo, òrùlé lè dúró sí agbedeméjì nígbà tí òjò ń bọ̀.

Porsche Boxster: Béárìn kan wà nínú ẹ́ńjìnì àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2009, 'IMS' ni wọ́n ń pè é. Tó bá fọ́, ẹ́ńjìnì lọ nìyẹn. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ta ló máa bá yín tún un ṣe?

Abossey Okai ni ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní Accra. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ nǹkan márùn-ún sínú ìwé: rédíétọ̀, ìyá kílọ́ọ̀ṣì, páàdì búrékì, ṣọ́kì àti iná iwájú. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta ti ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà.

Ìdáhùn wọn máa là yín lójú. Ẹ̀yà inú BMW Z3, Z4 àti Mercedes SLK kan bá ti àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wọn yòókù mu, àwọn ọkọ̀ yẹn sì pọ̀ ní Accra. Ti MX-5 lè gba pé kí ẹ kọ̀wé sí òkè òkun, kí ẹ sì dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọwọ́ tó máa tún un ṣe. Mẹkáníìkì tó mọ Corolla dáadáa lè má tíì fọwọ́ kan Boxster rí. Ẹ wá ẹni tó ń tún irú ọkọ̀ náà ṣe, ní Kokompe tàbí ibòmíràn, kí ẹ sanwó fún un kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Kó má jẹ́ mẹkáníìkì ẹni tó ń tà á.

Ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ẹ ní ló yẹ kí ẹ fi pamọ́ fún àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́. Tí owó ọkọ̀ bá máa jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ọkọ̀ náà ti ju agbára yín lọ.

Bí ẹ ṣe máa wà á wò

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnì tó tutù ló máa ń sọ òtítọ́. Ẹ fetí sí ariwo rẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ èéfín rẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì.

Ẹ tan AC, kí ẹ wọ inú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, bíi ti Spintex Road lọ́sàn-án. Tí atọ́ka ooru bá ń gòkè kọjá àárín, rédíétọ̀ tàbí fáànù rẹ̀ ní ìṣòro.

Ẹ gba orí gegele tí wọ́n ṣe sójú títì kọjá díẹ̀díẹ̀. Tí abẹ́ ọkọ̀ bá ń ha ilẹ̀, ẹ ronú nípa ọ̀nà ilé yín. Níkẹyìn, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí ẹ rọra dẹ ọwọ́ lórí sítíárìn. Ọkọ̀ tí férémù rẹ̀ ti ká rí máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ṣé ẹ lè rà á ní Accra, kí ẹ sì wà á lọ sí Èkó?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ronú pé àwọn lè gba Aflao, Lomé àti Cotonou wọlé. Àmọ́ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọ orílẹ̀èdè náà láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ di ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbé e gba èbúté ọkọ̀ ojú omi, owó ibodè míì sì ń dúró dè é níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀

Irú ọkọ̀ yìí máa ń fa ojú mọ́ra, àwọn tó ń tà á sì mọ̀. Wọ́n á ní ẹlòmíràn ń bọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́ ní ọ̀la. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Tí wọ́n bá kọ̀ láti jẹ́ kí mẹkáníìkì yín rí i, tàbí tí ìwé owó ibodè bá 'wà nílé', ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì pé, ẹ lọ sí DVLA pẹ̀lú ẹni tó tà á fún yín, kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí tiyín kí owó tó pé lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ so bẹ́líìtì yín mọ́ra, kí ẹ ká òrùlé sẹ́yìn, kí ẹ sì gba ọ̀nà Aburi ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú.